Títọ́jú Alùpùpù Àtijọ́ Fúnra Ẹni: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Lè Rí Kọ́

Orúkọ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa fún ohun ìrìnnà ẹlẹ́ńjìnnì tó ní táyà méjì. Alùpùpù ni àwọn ìwé ń lò. Ìró ẹ́ńjìnnì náà ló wà nínú orúkọ yẹn. Ọ̀kadà ni àwọn èrò ń pè é. Ara Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Olóyè Gabriel Igbinedion, ni a ti yọ ọ́, ìlú Okada ní Ìpínlẹ̀ Edo ni ilé iṣẹ́ náà sì ti gba orúkọ. Màṣíìnì ni ti àwọn mẹkáníìkì àti àwọn òbí wa. Òun ni n ó máa lò níhìn-ín, torí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

Ẹni ọdún 22 ni mí, ṣùgbọ́n Honda CG125 tí mo ń gùn wá sí kíláàsì dàgbà jù mí lọ. Ọdún 1976 ni Honda gbé irú rẹ̀ jáde, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó lè fara da ìlò líle. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò sì ní iná tí yóò tàn láti sọ ibi tó ti bàjẹ́. Ohun tó fi ń bá ẹni sọ̀rọ̀ ni ìró, àwọ̀, òórùn àti ooru. Ẹni tó bá lè pe ohun tó gbọ́ àti ohun tó rí lórúkọ ti ṣe ìdajì àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

1. Ọ́ìlì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya orúkọ méjì sọ́tọ̀. Epo ni bẹntiróòlù tí à ń rà nílé epo. Ọ́ìlì ni èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Nǹkan bíi lítà kan ni CG125 ń gbà. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé màṣíìnì dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tú ìdérí tó ní ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ nu ọ̀pá náà, kí ẹ tì í padà wọlé láì lọ́ ọ, kí ẹ tó fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì dé. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ gbóná díẹ̀ kí ti àtijọ́ lè ṣàn tán. Ní gbogbo kìlómítà 1,500 ni èmi ń pààrọ̀ tèmi. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì.

Bí ọ́ìlì bá tán, gbólóhùn tí ẹ ó gbọ́ ni: "Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì." Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá ọ̀rọ̀ yìí, ìró bí ìgbà tí ènìyàn ń kanlẹ̀kùn ni ó ń tọ́ka sí. Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa, ìtumọ̀ rẹ̀ ti sún kúrò lórí ìró náà, ó ti di pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Láàárín ìtumọ̀ méjèèjì yẹn ni àǹfààní wà fún onímàṣíìnì: kí ó gbọ́ ìró náà nígbà tó ṣì jẹ́ ìró.

2. Púlọ́ọ̀gì

Ọ̀rọ̀ yìí dára fún kíláàsì fonọ́lọ́jì. Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà a fi u sáàárín p àti l. Sílébù wa kì í parí sí g, nítorí náà a fi i kún ìparí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá rí rúsúrúsú, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí ó bá dúdú tó sì gbẹ bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò bóyá ó ti dí. Bí ó bá funfun, ẹ́ńjìnnì lè máa gbóná jù. Bí ó bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, ríǹgì tàbí ìdí fáàfù lè ti jẹ. Ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Àlàfo ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 0.6 sí 0.7 lọ. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dè é padà kí sípánà tó kàn án, kí ihò rẹ̀ má baà bàjẹ́.

3. Ṣéènì

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ yín tó kan ṣéènì. Ó lè gé ìka. Ẹ fi ìka gbé e sókè-sódò ní àárín apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ó máa mì tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 2. Ẹ yí táyà díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n, torí pé ṣéènì àtijọ́ kì í tú dọ́gba. Bí ó bá tú jù, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà ẹ̀yìn, kí ẹ fa apá òsì àti ọ̀tún sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì dè é padà dáadáa.

4. Bíréèkì

Àwọn kan ń pè é ní búréèkì, torí pé ètè tó pàdé láti pe b ló fa fáwẹ̀lì náà di u. Èyíkéyìí tí ẹ bá ń pè é, ẹ má fi ṣeré. Nígbàkigbà tí ẹ bá fa ṣéènì, ẹ tún bíréèkì ẹ̀yìn yẹ̀ wò, nítorí pé táyà tó sún sẹ́yìn ti yí ìwọ̀n ọ̀pá rẹ̀ padà. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀: asbestos máa ń wà nínú ṣúù àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Gíríìsì kò gbọdọ̀ kan ṣúù. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ dán an wò níbi tí kò sí èrò kí ẹ tó bọ́ sí títì.

5. Bí a ṣe ń bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀

Gbogbo wa mọ̀ pé róbótó kéré, ròbòtò sì tóbi. Ohùn òkè ń bá ohun kékeré lọ, ohùn ìsàlẹ̀ ń bá ohun ńlá lọ. Ìmọ̀ yìí wúlò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èmi gbọ́ tí ọ̀gá kan ń bi oníbàárà rẹ̀ pé, "Ṣé tá-tá-tá ló ń dún ni, àbí gbò-gbò-gbò?" Ìró àkọ́kọ́ fúyẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo fáàfù ló fẹ́ àtúnṣe, iṣẹ́ díẹ̀ sì ni. Èkejì wúwo, ó lè jẹ́ bẹ́ríǹgì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, owó ńlá sì nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má kàn sọ pé, "Ọ̀gá, màṣíìnì mi ò dáa." Ẹ sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ó ń dún tá-tá-tá lókè bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àmọ́ bó bá gbóná, ó máa ń dákẹ́. Mo ti yẹ ọ́ìlì wò, ó pé. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rí rúsúrúsú." Ẹni tó sọ báyìí, wọn kò ní tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ lásán, wọn kò sì ní tà á ní ohun tí kò nílò.

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ́ìlì, ṣéènì, bíréèkì àti táyà.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, mo ń kó àwọn ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Bí wọ́n bá ń pe kílọ́ọ̀ṣì, kábúrétọ̀ tàbí sàlẹ́ńsà ní orúkọ mìíràn ládùúgbò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ní ẹ̀ka, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.