Ẹ Má Kánjú Tan Án

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Agoè-Nyivé ní Lomé, bí wọ́n bá gbé Commodore 64 wá bá yín, kọ̀ǹpútà ilé tó jáde ní 1982, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan án. Ṣájà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ti gbó, iná tó yẹ kó dúró sórí fóltì 5 máa ń ròkè, á sì jó áísì ìrántí. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Bó bá kọjá fóltì 5.25, ẹ wá ṣájà mìíràn.

Bí iná bá dára tí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣì dúdú, ẹ rọra fọwọ́ kan áísì ìrántí mẹ́jọ tó wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà yìí. Èyí tó gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ mú. Áísì tí wọ́n ń pè ní PLA náà máa ń kú, àmọ́ gbígbóná mọ́ òun lára, ẹ má tìtorí ìyẹn yọ ọ́.

Ẹ má fagbára fa áísì tó kú; bàbà tó tẹ́ sórí bọ́ọ̀dù á bá a ṣí. Ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì da àlòkù nù. Ní Lomé yìí ni Kodjo Afate Gnikou ti fi àfọ́kù kọ̀ǹpútà àti skánà ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ní 2013. Ẹ tú àwọn áísì tó ṣì dára, kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn sára àpò tẹ́ ẹ kó wọn sí.