Ohun tí Àgbà Ò Rí ní Ìjókòó

Ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Kò sí Yorùbá kan tó yẹ kí a tún máa túmọ̀ òwe yìí fún. Ọ̀rọ̀ ìrírí ni, ó tán. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Keje, ní gbọ̀ngàn kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń díje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nílùú Houston, bàbá kan fi òwe yìí pa mí lẹ́nu mọ́, inú sì ń bí mi títí di òní.

Ọmọ rẹ̀ wà lórí pápá. Bàbá wà láàárín àwọn òǹwòran, ó na fóònù sókè, ó ń ya fídíò, ó sì ń pariwo: "Jù ú! Ìwọ fúnra rẹ ni kó o jù ú! Má fún ẹnikẹ́ni!" Gbogbo ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè, ojú bàbá lọmọ ń wò, kò wo ojú kóòṣì rẹ̀. Àwọn kóòṣì yunifásítì jókòó lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀. Mo rọra sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ti kóòṣì rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó pa òwe náà fún mi. Mo ní ó dáa. Mo wá bi í pé ìṣirò wo lọmọ náà ń ṣe nílé-ìwé lọ́dún yìí. Ó ní, "Ìṣirò náà ni. Àbí oríṣi mélòó ni ìṣirò ní?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin òbí ọmọ Yorùbá ní Houston, Atlanta, Chicago àti Maryland, tí ẹ ń wa ọkọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ nítorí líìgì àwọn ọmọ, tí ẹ ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì, tí ẹ ń ra bàtà olówó ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà, kò ní torí pé ọmọ ga kí wọ́n gbojú fo ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ ilé-ìwé 16 ni wọ́n ń kà láti kíláàsì kẹsàn-án. Fún Division I, tí í ṣe ìpele tó ga jù, ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́rin. Ìṣirò ọdún mẹ́ta, láti Algebra I sókè. Sáyẹ́ǹsì ọdún méjì. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ọdún méjì. Ọdún kan sí i nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. Mẹ́rin tó kù lè jẹ́ èdè ilẹ̀ mìíràn tàbí àfikún nínú àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, ìyẹn GPA, nínú iṣẹ́ 16 yìí kò gbọdọ̀ dín ní 2.3. Fún Division II, 2.2 ni. Ìdánwò SAT tí ẹ fi ń dá ọmọ lóró, NCAA ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin tiwọn láti ọdún 2023, àyàfi bí ilé-ìwé kan bá ní òun ṣì fẹ́ ẹ.

Èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́kún ni pé, fún Division I, 10 nínú iṣẹ́ 16 yẹn gbọ́dọ̀ ti parí kí ọdún ìkẹyìn ní girama tó bẹ̀rẹ̀, 7 nínú 10 náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. Bí ọdún ìkẹyìn bá ti wọlé, máàkì àwọn yẹn ti di títì pa. Ọmọ tó gba "D" nínú Algebra, tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jí lọ́dún yẹn pé kó tún un ṣe, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ ìṣirò ni wọ́n ń kà. Ilé-ìwé girama kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí NCAA fọwọ́ sí, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ ọmọ kan tí àwọn kóòṣì ti ń pè lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n wo ìwé rẹ̀, ìṣirò tó ṣe ní kíláàsì kẹsàn-án kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ìpè dáwọ́ dúró. Bàbá rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Ọwọ́ ayé kọ́ o, bàbá tó mọ iye póìǹtì ọmọ lórí tí kò mọ orúkọ olùdámọ̀ràn ilé-ìwé rẹ̀ ni.

Bàbá tí mo bá pàdé ní Houston yẹn tún ní ẹ̀sùn kan. Ó ní kóòṣì yunifásítì kan kọjá lára òun, kò kí òun. Yorùbá ò fẹ́ àìkíni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ ìdíje oṣù Keje, NCAA gbà kí kóòṣì wá wòran, wọn ò gbà kó bá ọmọ tàbí òbí rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lójúkojú níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe póìǹtì ló wá kà, póìǹtì ti wà nínú ìwé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ máa ń sáré padà wá dènà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fẹ́ mọ bó ṣe ń fò gba bọ́ọ̀lù tó ta kúrò lára agbọ̀n, àti ìrísí ojú rẹ̀ bí wọ́n bá ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ńlá pa yín lójú. Ìṣirò NCAA fúnra wọn ni pé nínú 100 ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní girama, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, nǹkan bí ẹyọ kan ló ń dé Division I. Lóde òní, ọ̀pọ̀ kóòṣì ń wá àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti yunifásítì mìíràn bọ̀ ju ọmọ girama lọ. Division III kì í fún ọmọ lówó nítorí eré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ náà ni Harvard àti Yale, ṣùgbọ́n Division III máa ń fún ọmọ ní ìrànwọ́ nítorí ìwé rẹ̀ tàbí nítorí owó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀, Harvard àti Yale ní tiwọn sì máa ń fún un nítorí owó tó ń wọlé fún òbí nìkan. Ilé-ìwé kékeré kì í ṣe èpè. Scottie Pippen jáde ní Central Arkansas, Dennis Rodman ní Southeastern Oklahoma, àwọn méjèèjì kò gba abẹ́ NCAA kọjá nígbà náà, wọ́n sì di agbábọ́ọ̀lù NBA tí gbogbo ayé mọ̀.

Níbi tí mo dé yìí, mo gbọ́dọ̀ bá òwe wa jà díẹ̀. Àgbà tó ń pa á ńkọ́? Ìdánwò JAMB ló fi wọ yunifásítì ní Ifẹ̀ tàbí Èkó. Kò gba ọ̀nà eré ìdárayá kọjá rí láyé rẹ̀. Ìrírí tí kò ní, báwo ni yóò ṣe fi ríran? Ẹ wo Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó: ọdún díẹ̀ péré ló ti fi mọ eré yìí kó tó dé Yunifásítì Houston lọ́dún 1980. Wọn ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù kankan ní sáà àkọ́kọ́. Àwọn òbí rẹ̀ wà ní Èkó níbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì, wọn kò sí lórí ìjókòó kankan ní Houston tí wọ́n á fi máa pariwo sí i. Ó farabalẹ̀ gbọ́ ti àwọn tó ń kọ́ ọ, lọ́dún 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ NBA.

Ohun kan wà tí ọmọ ń rí tí àgbà ò lè rí, kódà kí òun náà gun igi. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá lọ wo yunifásítì, òun làwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ yóò bá jẹun, òun ni wọn yóò sọ fún bóyá kóòṣì máa ń bú wọn, bóyá ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń rí nǹkan kọ́, ta ló ti ń palẹ̀ mọ́. Bàbá àti ìyá, yàrá tó ń dán ni wọ́n máa ń mú wò. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ léèrè, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ. Ímeèlì sí kóòṣì, ọmọ ni kó kọ ọ́: ọdún tí yóò jáde girama, gíga rẹ̀, máàkì rẹ̀, fídíò rẹ̀. Kóòṣì tó bá rí i pé bàbá ló ń kọ̀wé, tí bàbá náà tún ń gbé fóònù, yóò ti máa ro ọdún mẹ́rin ìyọnu tó ń bọ̀.

Òwe náà ò wá ṣòfo o. Àgbà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá pé òun yóò rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ yín, kí ẹ ṣáà fún òun ní ìdá kan nínú iye rẹ̀, aṣojú ni NCAA yóò kà á sí, ó sì lè ba ọ̀nà ọmọ jẹ́ pátápátá. Ojú àgbà la nílò níbẹ̀. A ti mọ gbájúẹ̀ kí a tó dé Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ìwé bá sì dé láti yunifásítì, ẹ má bi ọmọ bóyá wọ́n á máa fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ bi í pé: bí ẹsẹ̀ rẹ bá dá lọ́sẹ̀ tó o débẹ̀, tí o kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ṣé wàá ṣì fẹ́ kàwé níbẹ̀? Bó bá ní rárá, ẹ máa wá òmíràn.