Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́: Bí A Ṣe Ń Yí Lápútọ́ọ̀pù Ẹni Kúrò Lórí Windows Bọ́ Sórí Linux



Láti ìparí ọdún 2025 ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ lé wa kiri bí a ti ń lọ yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò. Akọ̀wé á gbé lápútọ́ọ̀pù ara rẹ̀ jáde, èyí tí ìwé owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, á ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá wo nǹkan. Ẹ̀rọ yìí ń kọ ọ́ síwájú mi pé àkókò òun ti tán. Àwọn kan ní kí n ra tuntun, àwọn kan ní kí n fi Linux sí i. Èwo ni kí n ṣe?” Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí owó ẹ̀rọ tuntun kì í ṣe kékeré, ìwé tó sì wà nínú èyí tó ti gbó kì í ṣe ti akọ̀wé nìkan. Owó tí ìyá aláta àti bàbá awakọ̀ ń fi pamọ́ lóṣooṣù ló wà níbẹ̀.

Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé yí padà, ó sì dára fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ṣùgbọ́n ìwé ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò nínú ewu kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

ÌDÍ TÍ WÀHÁLÀ FI DÉ

Windows ni ètò tí ilé iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà ṣe láti máa darí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń gba ohun tí a bá tẹ̀, òun ló ń fi fáìlì pamọ́, òun ló ń pe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí iṣẹ́. Gbogbo ètò yòókù tí a fi ń kọ lẹ́tà tàbí tí a fi ń ṣe ìṣirò, orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó lé. Windows 10 jáde ní oṣù keje ọdún 2015. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ni wọ́n fi àyè gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa: ẹ̀rọ náà kò kú. Ó ń ṣiṣẹ́ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ilé tí ọlọ́dẹ rẹ̀ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣì ń tì, àmọ́ bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri, kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́.

Windows 11, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ni Microsoft ní kí a bọ́ sí. Kì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè ẹ̀yà ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, ó sì ń béèrè ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ìparí ọdún 2017 tàbí 2018 síhìn-ín. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí à ń rà kò tó ìwọ̀n yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn ṣì le koko.

Àwọn kan ń lo ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á ra Windows tí wọ́n ti fọ́ láísẹ́nsì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. A kò lè gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè fọ́ àgádágodo lè ti fi ohun mìíràn pamọ́ sínú ilé kó tó jáde.

OHUN TÍ LINUX JẸ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, ẹni ọdún 21, kéde fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń ṣe ètò kan fún ìgbádùn ara òun. Ó fi í síta kí ẹnikẹ́ni lè wò ó, kí ó sì bá òun tún un ṣe. Ní ọdún 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL, tó ti inú iṣẹ́ GNU jáde. Richard Stallman ará Amẹ́ríkà ló ti kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983. Ìwé àṣẹ náà ní o lè lo ètò yìí, o lè dà á kọ, o lè tún un ṣe, o sì lè fún ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ló dè ọ́: bí o bá pín èyí tí o tún ṣe, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ rí bí o ṣe ṣe é, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ kan náà tí ìwọ ní.

Àwa tí àwọn bàbá wa ń ṣe àáró lóko kò ní pẹ́ lóye èyí. Lónìí ẹ bá mi kọ ebè, lọ́la mo bá yín kọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àánú lásán ló gbé e dé ibi tó dé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bí Intel, IBM àti Red Hat ń sanwó oṣù fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé àwọn pẹ̀lú ń jẹ nínú rẹ̀. Fóònù Android tó wà lápò ọ̀pọ̀ nínú yín, Linux ló wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kì í ṣe àlejò níbẹ̀ rárá.

Oríṣiríṣi ni Linux. Bí a ti ń fi àgbàdo kan náà ṣe ẹ̀kọ, tí a ń fi í ṣe àádùn, tí a sì ń fi í ṣe ẹ̀gbo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe gbé oríṣiríṣi jáde lára rẹ̀. Debian wà láti ọdún 1993. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀, jáde ní ọdún 2004. Linux Mint tẹ̀ lé e ní ọdún 2006. Fún ẹni tó ń ti orí Windows bọ̀, Mint ni a yàn, nítorí pé ojú rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tó ti mọ̀. Ìrántí gígábáìtì 2 tó fún un láti dìde, ṣùgbọ́n 4 ni kí ẹ fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce nínú rẹ̀ fúyẹ́ jù fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ti dín kù.

IṢẸ́ WO NI Ẹ̀RỌ YÍN Ń ṢE?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á máa wo ẹ̀rọ, wọn kò ní wo iṣẹ́. Ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ kọ gbogbo ètò tí ẹ lò láàárín oṣù kan sílẹ̀, títí kan èyí tí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni, kò sí ìṣòro. Firefox àti Chrome wà lórí Linux. Word àti Excel ti Microsoft kì í wọlé sórí Linux bó ṣe ń wọlé sórí Windows. LibreOffice ni a ń lò dípò wọn, ó sì ń ṣí fáìlì wọn. Lẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀nà àrà tò lè sún kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀. Tábìlì ìṣirò tí wọ́n kọ àṣẹ adáṣiṣẹ́ sínú rẹ̀, irú èyí tó ń ṣírò èlé ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Èyí ni kí ẹ dán wò gan-an.

Bí ẹgbẹ́ yín bá sì ra ètò ìṣirò tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ dúró. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Wine, tó lè mú àwọn kan nínú wọn ṣiṣẹ́ lórí Linux, ṣùgbọ́n a kì í gbé owó oní-owó lé “bóyá”. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín, kí ó sì dá yín lóhùn lórí ìwé. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè rí i pé ẹ̀rọ tó gba Windows 11 ló máa ṣe wọ́n láǹfààní jù, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ti rìn ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ìgbìmọ̀ ìlú Munich pinnu ní ọdún 2003 láti bọ́ sórí Linux. Nígbà tó fi di ìparí ọdún 2013, kọ̀ǹpútà tó lé ní 14,000 ni wọ́n ti yí padà. Ní ọdún 2017 ìgbìmọ̀ náà dìbò pé kí wọ́n padà sórí Windows. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní, àwọn kan ní òṣèlú ni, àwọn kan ní ìráhùn àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ní ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní ilẹ̀ kan náà tún kéde pé òun yóò yí nǹkan bí kọ̀ǹpútà 30,000 padà, ṣùgbọ́n LibreOffice ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún àwọn òṣìṣẹ́, Linux ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí ni kí ẹ mú lò. Ẹ fi LibreOffice sórí Windows tí ẹ ní yìí, kí ẹ fi ṣe ìwé oṣù kan gbáko. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní ìdajì.

ÌWÉ ẸGBẸ́ ṢÁÁJÚ

Ẹgbẹ́ kan wà tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Akọ̀wé wọn gbé lápútọ́ọ̀pù fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó bá òun fi Linux sí i. Ọmọ náà ṣe é láàárín wákàtí kan, ó sì ṣe é dáadáa. Ó nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà nù, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìwé ẹ̀yáwó ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀. Pásíbúùkù ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló yọ wọ́n. Wọ́n ní láti gba gbogbo rẹ̀ jọ, kí wọ́n tún máa dà á kọ lóṣooṣù, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti sọ pásíbúùkù tiwọn nù ń bá akápò jiyàn títí di ìpàdé gbogbogbòò. Ẹni tó bá ti rí àgbàlagbà tó ń búra ní gbangba nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tirẹ̀ kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀dà mọ́.

Nítorí náà, ẹ da gbogbo fáìlì ẹgbẹ́ kọ sórí fláàṣì méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, èkejì nílé akápò. Ẹ gbé fláàṣì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí fáìlì mélòó kan wò níbẹ̀, nítorí ẹ̀dà tí kò ṣeé ṣí kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ tẹ lẹ́jà jáde sórí ìwé, kí alága àti akápò fọwọ́ sí i. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, Windows ti fi àgádágodo tó ń jẹ́ BitLocker ti dísíkì pa. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nọ́ńbà 48 ni, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Fáìlì Linux Mint tó nǹkan bíi gígábáìtì 3. Dátà rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà kí ẹnìkan gbà á sílẹ̀, kí ó sì dà á kọ fún ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Kò sí olè nínú rẹ̀. Ẹ gbà á láti ojúlé Linux Mint fúnra rẹ̀, kí ẹ sì yẹ àmì ìdánilójú rẹ̀ wò. Àmì náà jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan tí ètò kékeré ń ṣírò jáde láti inú fáìlì. Bó bá bá èyí tí wọ́n kọ sójúlé náà mu, fáìlì yín pé. Ẹ má ṣe fo èyí. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn wọ ojúlé Linux Mint, wọ́n sì darí àwọn ènìyàn lọ síbi fáìlì tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí.

Ẹ fi Rufus tàbí balenaEtcher kọ fáìlì náà sórí fláàṣì gígábáìtì 8. Ohun tó wà lórí fláàṣì yẹn yóò parẹ́, nítorí náà kí ó má jẹ́ èyí tí ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ kí ẹ sì máa tẹ F12 lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo. Lórí HP, Esc tàbí F9 ni. Ẹ yan fláàṣì. Linux yóò dìde láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú dísíkì.

Ẹ má ṣe kánjú kúrò níbí. Ẹ lo ọjọ́ kan tàbí méjì bẹ́ẹ̀. Ṣé Wi-Fi ń mú? Ṣé ohùn ń jáde? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì gbọ́? Ṣé tábìlì ìṣirò yín ṣí, iye tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì bá ti orí ìwé mu? Bí nǹkan bá kọ̀, ẹ yọ fláàṣì, Windows yín wà níbẹ̀ bó ti wà.

Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi í sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yóò béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí Linux wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, tàbí kí ó gba gbogbo dísíkì. Ibi tó bá ti kọ “Erase disk”, ọ̀rọ̀ yẹn ló nu ìwé ẹgbẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbà kí méjèèjì jọ wà ná, bí àyè bá wà. Ẹ sì ronú lórí iná mọ̀nàmọ́ná. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni bátìrì rẹ̀ ti kú, ara wáyà nìkan ló ń gbé. Bí iná bá lọ nígbà tí dísíkì ń pín, ó lè ba Linux àti Windows jẹ́ pọ̀. Ẹ wá bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ tó dájú.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa gba àtúnṣe ààbò rẹ̀ lóòrèkóòrè. Mint 22 yóò máa rí tirẹ̀ gbà títí di ọdún 2029. Windows àtijọ́ tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ohun kan tó dùn mọ́ wa nínú ni pé bí ẹ bá lọ síbi ètò kíbọ́ọ̀dù, tí ẹ wá Nigeria, ẹ ó bá Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú Hausa àti Igbo, tí ẹ ó fi lè kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bó ti yẹ kí á kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ wà lórí akọ̀wé nìkan. Ẹ kọ ọ́ sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí alága fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì wà nínú àpótí ẹgbẹ́. Fún oṣù méjì, kí akápò máa fi ọwọ́ ṣe ìṣirò ìparí oṣù lórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ. Bí oṣù kejì bá parí tí iye méjèèjì sì bára mu, ẹ lè wá fún Linux ní gbogbo dísíkì. Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ tó ṣe é sínú ìwé ìpàdé, nítorí a ó béèrè rẹ̀ nígbà tí a bá tún dé.