Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Láàárín Ìwọ àti Ọkọ Rẹ

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n kò bá sọ ọ́ fún ọ, ta ni yóò sọ ọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Òkìtìpupa, Ìlútitun tàbí Igbotakọ ni ọkọ wa ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Warri tàbí lórí omi. Bí ìwọ àti ọkọ rẹ bá ti jọ jókòó sọ ọ́, tí ẹ sì fẹnu kò pé ẹ fẹ́ lo kéèjì, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ.

Kéèjì tí mo ń wí ni àgò kékeré, onírin tàbí rọ́bà líle, tí ọkùnrin ń ki kinní rẹ̀ sí. Òrùka kan yóò dè é mọ́ ara láti ẹ̀yìn, a ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó lè fi tọ̀, ó lè fi wẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi bá obìnrin sùn. Àwọn tọkọtaya kan ń fi í ṣeré ìfẹ́; àwọn mìíràn ń fi í ṣe ẹ̀jẹ́ láàárín ara wọn nígbà tí ọ̀nà bá jìn.

Ìwọ náà mọ màgùn, oògùn tí wọ́n ń fi sára obìnrin nítorí panṣágà. Túndé Kèlání fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fíìmù Thunderbolt ní 2001, láti inú ìtàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Yínká fura sí Ngozi ìyàwó rẹ̀, màgùn sì wà lára obìnrin náà láìmọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n tì pa kò mọ̀, kò gbà, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tìrẹ kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ láé. Ọkọ rẹ ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Ìgbàkígbà tó bá ní kí o ṣí i, kọ́kọ́ ṣí i ná, kí ẹ tó jókòó sọ ìdí rẹ̀. Fífi tipátipá ti àgbàlagbà pa jẹ́ ìwà ipá, òfin VAPP ti ọdún 2015, tó ka ìwà ipá léèwọ̀, sì dáàbò bo ọkùnrin bó ṣe dáàbò bo obìnrin.

Nítorí náà, bí o bá ń yan kọ́kọ́rọ́, bó ṣe ń ṣí ni kó o kọ́kọ́ wò. Bó ṣe ń tì, ẹ̀yìn ìyẹn ló wà.

Àgádágodo idẹ

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Kéèjì rọ́bà líle bíi CB-6000 ń bá àgádágodo idẹ kékeré kan wá nínú páálí rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, o lè ra òmíràn. Ṣùgbọ́n má kàn lọ mú èyí tí wọ́n fi ń ti báàgì ìrìnàjò lọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ kọ́kọ́rọ́ kan náà, ti ẹlòmíràn lè ṣí tìrẹ. Wo ọrùn rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú. Bó bá nípọn jù, kò ní wọ ihò kéèjì; bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kéèjì yóò máa mì, yóò sì máa há awọ ara.

Idẹ kì í dípẹtà bí irin lásán, ṣùgbọ́n ilẹ̀ igbó àti omi ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, òógùn kì í gbẹ lára wa bọ̀rọ̀. Iyọ̀ inú òógùn máa ń sọ idẹ di aláwọ̀ ewé, ihò kọ́kọ́rọ́ á sì máa le. Má ta epo ẹ́ńjìnnì sí i, nítorí ara ló ń kàn. Mú pẹ́ńsù, fi abẹ ha ojú dúdú rẹ̀ sórí bébà títí yóò fi kúnná. Fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ kó díẹ̀ nínú rẹ̀, fi í sínú ihò, kí o sì yí i sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, wàá rí i pé kò há mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ inú

Ọ̀pọ̀ kéèjì onírin kì í lo àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ wọn wà nínú kéèjì fúnra rẹ̀, kò yọ síta, kì í dún, kì í sì hàn lábẹ́ ṣòkòtò. Ó dára fún ọkùnrin tó ń jókòó pẹ̀lú èèyàn ní ọ́fíìsì. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè kán, kò sì sí ọrùn tí èèyàn lè fi ayùn gé bí ó bá sọnù. Má rà á bí kò bá bá kọ́kọ́rọ́ méjì wá. Bí òrùka tàbí ṣéènì olówó pọ́ọ́kú bá máa ń mú kí ara ọkọ rẹ yún, níkẹ́ẹ̀lì inú irin lè máa bá a jà. Rọ́bà ni kó lò.

Síìlì rọ́bà olónọ́ńbà

Bí ọkọ rẹ yóò bá jìnnà sí ọ, èyí ni mo fẹ́ kí o mú. Ó jọ síìlì tí àwọn oníná ń fi sára mítà: nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, bí a bá ti gé e, kò ṣeé so mọ́. Kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Bí ara bá ni ín, sísọ́ọ̀sì ni yóò fi gé e, nígbà tó bá sì délé, yóò sọ fún ọ pé òun gé e àti ohun tó fà á. Kò ní irin nínú, ẹ̀rọ pápákọ̀ òfurufú kì í sì pariwo lé e lórí bó ṣe ń ṣe fún àgádágodo. Bí o bá mú kọ́kọ́rọ́ dání ní Òkìtìpupa tí ara ń ni ọkọ rẹ ní Èkó lóru, kí lo fẹ́ ṣe?

Èyí tó ń fi fóònù ṣí

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ Qiui ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà ṣe kéèjì kan tí wọ́n ń pè ní Cellmate, tí fóònù àti Bluetooth ń tì, tí ó sì ń ṣí. Kò ní ọmọ kọ́kọ́rọ́ rárá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ Pen Test Partners ní Ìlú Ọba kéde pé àlàfo wà nínú rẹ̀, tí ẹlòmíràn fi lè ti gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́ pa láti ọ̀nà jíjìn, tí ó sì lè rí ibi tí wọ́n wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìròyìn jáde pé àwọn ọ̀daràn ti lò ó, wọ́n ní kí àwọn tó ni ín san 0.02 bitcoin kí wọ́n tó lè ṣí i. Àwa tí a ti gbé ọ̀pọ̀ ọdún láìsí iná ní gúúsù Oǹdó, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, kò yẹ kí a fi ara ọkọ wa sábẹ́ bátìrì.

Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé

Kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ rẹ, èkejì nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa, níbi tí òun náà mọ̀ nínú ilé, tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò tó. Ẹ máa ṣí i lójoojúmọ́ (bó bá wà lọ́nà jíjìn, kó gé síìlì, kó sì fi òmíràn tì í lẹ́yìn ìwẹ̀), kó fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ dáadáa, kí ara gbẹ pátápátá kó tó wọ̀ ọ́ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kó máa wọ̀ ọ́ fún wákàtí díẹ̀ ní ọ̀sán, nítorí kinní ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún lóru fúnra rẹ̀.

Bí ó bá ń tutù, tó ń kú tipiri, tó ń dúdú tàbí tó ń wú, ẹ ṣí i lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣí, tàbí tí kinní rẹ̀ bá le fún wákàtí mẹ́rin láìrọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ọkùnrin tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ rárá, nítorí líle tí kò rọ̀ yìí wọ́pọ̀ láàárín wọn. Kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà yẹra fún un, torí ó lè fara pa láìmọ̀ ọ́n lára.

Àbúrò mi, bí ẹ bá jọ ń gbé, ẹ mú àgádágodo idẹ tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Bí ó bá ń rìnrìn àjò, síìlì rọ́bà ni. Èyí tó ń fi fóònù ṣí, ẹ má rà á. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì kò bá lè tètè rí lóru, ẹ má fi ti ohunkóhun mọ́ ara èèyàn.