Ọgbà Ẹranko: Ibi Ẹ̀kọ́ Èdè fún Ọmọdé

Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, sísọ àwọn ẹranko lórúkọ wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run gbé lé Ádámù lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kan wà láàrin wa ní Ìjọra lónìí tí Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ nílé kò ju “wá”, “jókòó” àti “dákẹ́” lọ. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀bútè Mẹ́ta tó wà nítòsí wa ni ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn ti ń gbéra.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó lọ, ẹ pa àlọ́ ìjàpá fún ọmọ yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣe dúró lórí orúkọ nìkan. Ọmọ tó mọ “kìnnìún” ní ọ̀rọ̀ kan. Èyí tó lè wí pé, “Kìnnìún bú ramúramù, ẹ̀rù sì bà mí,” ti ní gbólóhùn. Ẹ bi í pé: “Kí ni ìjàpá gbé sẹ́yìn? Èéṣe tí ọ̀bọ fi ń fò, tí ọ̀nì sì ń wọ́ nílẹ̀?” Ẹ ní sùúrù fún ìdáhùn rẹ̀. Bí ó bá ṣì í sọ, ẹ tún un sọ fún un. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ẹ bá padà délé, ẹ jẹ́ kí ó ròyìn fún ìyá àgbà. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà yóò ti fìdí múlẹ̀, nítorí ọmọ tó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́.