Ìjì Tó Gba Orí Wa Kọjá: Ìtàn Ọdún 1988 àti Ohun Tó Kan Àgbẹ̀ Malete Nínú Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn koríko. Ìjì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ìjì tó ń ṣí páànù ilé, tó ń wó àgbàdo tó ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, tó ń da ọ̀pá iṣu lulẹ̀ nígbà tí onílé ń sùn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ibi tó bá wu ìjì ló ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjì ní ọ̀nà, ó ní àsìkò, ó sì ní ẹbí. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú ọdún kan péré, ọdún 1988, ká wo ohun tí ìjì ṣe láti ilẹ̀ Sudan títí dé ilẹ̀ Mexico.

Àwọn àgbà tó wà láàrin wa á rántí pé ọ̀dá ló gbòde ṣáájú ìgbà náà. Ní 1983 àti 1984, òjò kọ̀ láti rọ̀ ní apá òkè ilẹ̀ wa, títí lọ dé Niger àti Mali. Màlúù kú lọ bẹẹrẹ, àwọn darandaran sì ń da èyí tó kù bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1983 yẹn kan náà, ìjì ńlá orí òkun Àtìláńtíìkì, èyí tí òyìnbó ń pè ní hurricane, kò pọ̀ rárá. Ìjì mẹ́rin péré ló lágbára débi tí wọ́n fi fún un lórúkọ ní gbogbo ọdún náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nígbà tó di 1988, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, òjò tó ju 200 mìlímítà lọ rọ̀ sí Khartoum, olú-ìlú Sudan, láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Khartoum. Òjò ọjọ́ kan yẹn ju èyí tí wọ́n máa ń rí ní odidi ọdún lọ. Ilé alámọ̀ wó, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó di aláìnílé. Nínú oṣù kẹjọ yẹn náà, ìdídò Bagauda ní ìpínlẹ̀ Kano já, omi sì gbé oko àti ilé lọ. Ojú òjò tí àwọn àgbẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ti ń wá láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n rí yìí, ṣùgbọ́n ó bá ìjàngbọ̀n dé.

Àṣé ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, ìgbì afẹ́fẹ́ kan kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bọ́ sórí òkun. Ó rọra ń lọ fún bí ọjọ́ márùn-ún láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Nígbà tó dé nítòsí àwọn erékùṣù Caribbean, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òòyì. Wọ́n sọ ọ́ ní Gilbert. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, ó wọ Jamaica láti ìlà-oòrùn, ó sì gba àárín erékùṣù náà já sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ṣí òrùlé ilé lọ súà, ó wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn, ó pa adìyẹ inú ọgbà nílé olóko ńlá àti olóko kékeré. Ènìyàn 45 ló kú níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lórí omi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré tó 295 kìlómítà láàrin wákàtí kan. Ẹ fi wé mọ́tò akérò tó ń sáré àsápajúdé láti Ilọrin lọ sí Jebba, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àtààbọ̀. Tí a bá fi bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ àárín ìjì ṣe lọ sílẹ̀ tó wọn agbára rẹ̀, kò tíì sí ìjì kankan lórí òkun yẹn tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 2005 ni Wilma tó wá ju Gilbert lọ. Ó lé ní 300 ènìyàn tí Gilbert pa kó tó parí ìrìn rẹ̀.

Ìjì méjìlá ló jà lórí òkun yẹn lọ́dún náà. Márùn-ún nínú wọn ló di hurricane gidi. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti ọ̀dọ̀ wa lọ o. Florence, fún àpẹẹrẹ, ìtòsí Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí i. Helene lágbára gan-an, ṣùgbọ́n àárín òkun ló ti jà tó sì ti kú, kò kan ẹnikẹ́ni. Joan ló tún ṣọṣẹ́: ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ló wọ ìlú Bluefields ní Nicaragua, ó sì fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Nítorí ìbànújẹ́ tí Gilbert àti Joan fà, wọ́n yọ orúkọ méjèèjì kúrò nínú ìwé, ìjì kankan kò ní jẹ́ ẹ mọ́ lórí òkun yẹn. Ó jọ bí àwọn baba wa ṣe ń pe ẹ̀fúùfù líle ní Ọya, àfi pé tiwa kì í pààrọ̀ orúkọ.

Báwo ni ó ṣe kàn wá?

Nígbà òjò, aṣálẹ̀ Sàhárà gbóná bí ààrò, etíkun wa sì tutù jù ú lọ. Ìyàtọ̀ yìí ló fa odò afẹ́fẹ́ kan sókè ọ̀run, nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lókè orí wa, tó ń ṣàn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Odò yìí kì í ṣàn gbọọrọ. Ó máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò ni, ìgbì kan á máa tẹ̀lé òmíràn. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kọkànlá, ìgbì kan máa ń kọjá ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, nǹkan bí 60 lọ́dún. Láti ìlà-oòrùn Nàìjíríà dé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ méjì ni ìgbì kan ń gbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òjò á rọ̀ gan-an lónìí, á dáwọ́ dúró fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, á tún dé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé òjò tó rọ̀ sí oko yín ló di Gilbert. Ìgbì ni ẹṣin, òjò ni ẹni tó gùn ún. Ẹni kan á gùn ún dé ibì kan, á sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn á gùn ún, ẹṣin á máa lọ. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ìgbì yìí ló ń rọlẹ̀ lórí òkun láìdi nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí a bá wo àwọn hurricane tó burú jù, ju mẹ́rin lọ nínú márùn-ún ló jẹ́ pé ìgbì tó ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ ló bẹ̀rẹ̀ wọn.

Kí ló dé tí kò fi di hurricane ní ilẹ̀ wa? Omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Kò sí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀, tó bá wọ ilẹ̀ ebi á pa á, á rọ. Ohun tí àwa ń rí ni ìlà ìjì òjò, tó ń jà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì ń kọjá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà sì tó láti ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní 1988 tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n bá ní kò sí ohun tó ń lọ láti ibí dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Eéṣú ń da ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàmú lọ́dún náà. Ní oṣù kẹwàá, àwọn ará Barbados, Trinidad àti Guyana rí eéṣú aṣálẹ̀ tó balẹ̀ sí wọn lọ́rùn láàyè. Afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ló gbé wọn, nǹkan bí 5,000 kìlómítà lórí omi, láìsí ibi ìsinmi.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ ọ̀dá. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Gray ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì òkun ní 1984. Ó ṣàkíyèsí pé lọ́dún tí òjò bá pọ̀ ní agbègbè Sahel, ìjì òkun tó lágbára jù máa ń pọ̀. Lọ́dún ọ̀dá, wọ́n máa ń dín kù. Ẹ ò rí nǹkan? Ojú-ọjọ́ kan náà ló ń da àgbẹ̀ Sókótó àti àgbẹ̀ Jamaica láàmú, kálukú lọ́nà tirẹ̀.

Ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí oko nínú ìtàn yìí ni ọ̀nà tí ìjì ń gbà. Ìjì tiwa náà ń tọ ọ̀nà tí ìgbì ń tọ̀. Láti apá Lafiagi ló ti ń bọ̀, ó ń lọ sí apá Ìgbẹ̀tì. Òkè Jos ni wọ́n ti ń bí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú; tí wọ́n bá fi nǹkan bí 50 kìlómítà rìn ní wákàtí kan, ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ń bá wa. Ìdí nìyí tí òjò wa fi sábà máa ń jà lóru.

Láti Lafiagi dé Malete, nǹkan bí 100 kìlómítà ni bí ẹyẹ ṣe ń fò. Wákàtí méjì nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìbátan ní Lafiagi tàbí ní Bódé Sàádù, tó sì ní fóònù lọ́wọ́, ó ti ní alóre. Ẹ pè wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ da ajílẹ̀ sí oko tàbí fín oògùn. Tí ìjì bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ dá a dúró. Ajílẹ̀ olówó iyebíye tí àgbàrá gbé lọ sí odò, kò sí ẹni tó máa san án padà fún yín. Ẹ gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ NiMet lórí rédíò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí òjò ń pa lọ́wọ́ kò lè parọ́ fún yín.

Tí kò bá sí fóònù, ẹ wo ojú ọ̀run. Ooru á kọ́kọ́ mú, afẹ́fẹ́ gúúsù á dáwọ́ dúró, ewé kò ní mì. Ìkùukùu dúdú á wá yọ ní ìlà-oòrùn, etí rẹ̀ á gùn bí pẹpẹ. Ẹ̀fúùfù tútù tó ru eruku dání ló máa ń ṣáájú, òjò líle á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ á pẹ́ lórí. Ẹ̀fúùfù iwájú yẹn ló ń ṣe ìkà. Tí ẹ bá ti rí pẹpẹ dúdú yẹn, ẹ kúrò lábẹ́ igi òrí àti igi irú. Àrá kì í bọ̀wọ̀ fún igi tó dá dúró láàrin oko.

Àsìkò méjì ni ìjì wa máa ń le jù: ìgbà àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti ìgbà àrọ̀kúrò, oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Nígbà àkọ́kọ́, òrùlé ló sábà ń jìyà. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti dé Malete ní 2009, ilé páànù ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa, a sì ń kọ́ ọ kánkán. Kí oṣù kẹta tó wọlé, ẹ gun òrùlé wò, pàápàá etí rẹ̀ tó kọjú sí ìlà-oòrùn, nítorí etí ni afẹ́fẹ́ ti ń kọ́kọ́ rí ọwọ́ kì í bọ̀. Ẹ fi wáyà so igi òrùlé mọ́ ògiri. Ẹ má kàn gbé òkúta lé páànù, ọjọ́ tí páànù bá ṣí, òkúta á wá ẹni tó máa bà. Ilẹ̀kùn àká náà, ẹ jẹ́ kó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Nígbà àrọ̀kúrò, ọkà bàbà tó ti yọrí àti àgbàdo ìpẹ̀kun ọdún ló wà nínú ewu. Àgbàdo tó há mọ́ra máa ń ga, á sì tín-ín-rín. Ẹ fi 75 sẹ̀ǹtímítà sáàárín poro sí poro, 50 sáàárín ihò sí ihò, kóró méjì nínú ihò kan. Nígbà tí ẹ bá ń ro ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ sí ìdí rẹ̀ dáadáa. Yùríà àpọ̀jù á jẹ́ kó tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ á rọ̀. Tí ìjì bá wó àgbàdo tí kò tíì yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ gbé e dìde: gbòǹgbò tó kù ni ẹ máa já. Á tọ́ ara rẹ̀ sókè láàrin ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó ti gbó kó tó wó ni kí ẹ tètè kó kí ikán àti èbu tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi ló kù, òun ló sì dùn mí jù. Tí a bá ń ṣán oko tuntun, gbogbo igi la máa ń gé tán, a ò tilẹ̀ wo ìhà tó wà. Ẹ fi ìlà igi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn oko, kó lọ láti àríwá sí gúúsù. Níbi tí kò bá ti sí, ẹ gbin kajú tàbí agúnmáníyè. Igi tó ga ní mítà 6 lè dín agbára afẹ́fẹ́ kù títí dé nǹkan bí 60 mítà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gbìn ín kó dí bí ògiri. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ihò jò kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fò ó, á sì já lulẹ̀ sórí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀

Ìjì mélòó ló ba nǹkan jẹ́ ní abúlé yín láàrin ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oṣù wo ni, apá ibo ló sì ti wá? Ta ni ẹgbẹ́ yín lè máa pè ní Lafiagi tàbí Bódé Sàádù, ta ni yóò sì máa san owó ìpè? Oko ta ni igi ṣì kù sí ní ìhà ìlà-oòrùn, tí gbogbo ẹgbẹ́ lè lọ wò pa pọ̀ kí àkọ́rọ̀ tó dé?