Ìlò "Bí ... Bá" Nínú Àlàyé Ẹ̀rí Ìmọ̀ Ìṣirò

Ìfáárà
Nínú ìmọ̀ ìṣirò, ẹ̀rí ni àlàyé tó fi hàn pé ohun kan kò lè ṣàì rí bí a ṣe sọ pé ó rí. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà ìfìdímúlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí láìjẹ́ pé ó yé wọn ni èyí tí a ń pè ní induction. Lójú wọn, ó dà bí ẹni pé olùkọ́ ń fi ohun tó yẹ kó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún ara rẹ̀. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé gírámà Yorùbá ní wúnrẹ̀n tó lè tú kókó yìí, ìyẹn "bí ... bá".

Àpẹẹrẹ Púpọ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀rí
Ní 1772, Leonhard Euler tọ́ka sí òfin kan báyìí: mú òǹkà kan, sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, yọ òǹkà náà kúrò, kí o sì fi 41 kún èyí tó kù. Bí a bá mú 1, a ó rí 41. Bí a bá mú 2, a ó rí 43. Bí a bá mú 3, a ó rí 47. Kò sí òǹkà tó lè pín èyíkéyìí nínú wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí a ó fi dé 40. Ẹni tó ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ogójì lè búra pé kò ní yẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n bí a bá mú 41, a ó rí 1681, èyí tí í ṣe 41 lọ́nà 41. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

Ọmọ Ayò àti Òǹkà
Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn òǹkà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba: 1, 3, 5, 7 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àròpọ̀ 1 àti 3 jẹ́ 4, ìyẹn 2 lọ́nà 2. Bí a bá fi 5 kún un, ó di 9, ìyẹn 3 lọ́nà 3. Bí a bá tún fi 7 kún un, ó di 16, ìyẹn 4 lọ́nà 4. Olùkọ́ lè fi ọmọ ayò ṣe àfihàn èyí: kí ó fi ọmọ kan lélẹ̀, kí ó to 3 yí i ká ní ọ̀tún àti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 7. Gígùn àti ìbú àwòrán náà yóò máa dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò kò ju 48 lọ, bẹ́ẹ̀ ni 49 ni àwòrán keje yóò gbà. Ọmọ ayò tán, ìbéèrè kò tán: ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí láé?

Francesco Maurolico, ọmọ Sicily, dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1575. Kókó ìdáhùn náà kò le. Ká ní ìlà k ló wà nílẹ̀, tí ọmọ k sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Láti fi ìlà kan kún gígùn àti ìbú rẹ̀, a ó to ọmọ k sí ọ̀tún, k sí ìsàlẹ̀, àti 1 sí igun tó ṣófo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ k + k + 1. Òǹkà yìí gan-an ló sì kàn nínú àwọn òǹkà wa: lẹ́yìn òǹkà mẹ́rin, 9 ló kàn, ìyẹn 4 + 4 + 1.

Iṣẹ́ Tí "Bí ... Bá" Ń Ṣe
Ibí yìí ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí olùkọ́ bá sọ pé "a gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún k", akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé, "Ta ló gbà? Ṣebí ohun tí a ń wá nìyẹn?" Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé "gbà" ń fi hàn pé ọkàn ẹni ti fara mọ́ nǹkan. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:
(i) Nítorí pé òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù.
(ii) Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ yóò tutù.
Ẹni tó sọ (i) ti jẹ́rìí pé òjò rọ̀. Ẹni tó sọ (ii) kò sọ pé òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Okùn tó so awẹ́ gbólóhùn méjèèjì pọ̀ nìkan ló ń jẹ́rìí sí. Irú gbólóhùn kejì yìí ni ìgbésẹ̀ induction: "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún k, yóò rí bẹ́ẹ̀ fún k + 1." Olùkọ́ kò tíì sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún k rárá.

Ìdí Tí Ìpìlẹ̀ Fi Ṣe Pàtàkì
Nítorí pé okùn nìkan ni "bí ... bá" ń ta, a gbọ́dọ̀ rí ibi tí a ó so ó mọ́. Ká ní ẹnìkan sọ pé àròpọ̀ òǹkà k àkọ́kọ́ jẹ́ k lọ́nà k, kí a tún fi 1 lé e. Ìgbésẹ̀ tirẹ̀ náà yóò yege: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún k, tí a sì fi k + k + 1 kún un, yóò rí bẹ́ẹ̀ fún k + 1. Síbẹ̀ irọ́ ni, nítorí pé níbi òǹkà àkọ́kọ́, 2 ni òfin rẹ̀ yóò pè é, bẹ́ẹ̀ 1 ni. Òfin ti Maurolico ní ìpìlẹ̀: 1 jẹ́ 1 lọ́nà 1. Láti ibẹ̀, "bí ... bá" gbé wa dé 2, 2 gbé wa dé 3, kò sì sí òǹkà tí kò ní kàn.

Àgbálọgbábọ̀
Augustus De Morgan lo orúkọ tí a mọ ọ̀nà yìí sí lónìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ kan ní 1838, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tan ìmọ́lẹ̀ tó sí ohun tí ọ̀nà náà ń ṣe. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970, tí Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀, ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Èyí tó kù fún àwọn olùkọ́ni ju wíwá orúkọ fún òǹkà lọ. Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ irú awẹ́ gbólóhùn tí wọ́n fi ń gbé èrò kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ ìyàtọ̀ láàrin "nítorí pé" àti "bí ... bá" ti gba ìdajì ẹ̀rí náà lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí ó tó dé kíláàsì.